Ẹ̀gùn Irin Tí Ọdẹ́jìnmí Lọ Yàn ní Ìlú Ẹwìrì

Kí ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ jókòó. Kí ẹni tí kò fẹ́ gbọ́ má ba tiwa jẹ́. Ọ̀rọ̀ ọdẹ ni, ọ̀rọ̀ ọdẹ kì í sì í tán bọ̀rọ̀, torí náà kí ẹni tó ní iṣu lórí iná lọ sọ̀ ọ́ ná kó tó padà wá.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, gbogbo ọdẹ Ìsàlẹ̀-Ìrókò pé jọ sí etí Àbàtà Oníyọ̀. Ilẹ̀ ibẹ̀ ní iyọ̀ nínú, àwọn àgbọ̀nrín sì máa ń wá lá a ní ìdájí àti ní ìrọ̀lẹ́. Kò sí ibi tó dára láti dẹ tó ibẹ̀. Ọdẹ kan ṣoṣo ni wọ́n ń fún, ìyẹn ẹni tó bá pa àgbọ̀nrín tó tóbi jù ní ìran tirẹ̀. Ọgbọ̀n ọdún nìyí tí Ọdẹ́jìnmí ti ni ín.

Àmọ́ òfin kan wà. Bí oṣù mẹ́ta bá kọjá tí ẹni tó ni ibẹ̀ kò gun ẹ̀gùn níbẹ̀, wọn yóò gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ̀gùn ni ìjókòó gíga tí ọdẹ ń kàn mọ́ ara igi, tó ń ti orí rẹ̀ ṣọ́ ẹran. Ikán ti jẹ ti Ọdẹ́jìnmí. Ó gùn ún láàárọ̀ ọjọ́ kan, ẹ̀gùn náà já, òun àti pákó àti ìbọn sì jọ bọ́ sínú ẹrẹ̀. Orúnkún rẹ̀ wú bí àgbọn. Lọ́jọ́ tí àwọn ọdẹ pé jọ yìí, ọjọ́ mẹ́ta ló kù kí oṣù mẹ́ta pé láti ìgbà náà.

Àwọn ọdẹ wá wo bó ṣe máa rí ni. Wọn kò retí ohun tí wọ́n bá. Ọdẹ́jìnmí jókòó sókè lórí ohun onírin dúdú kan tó ní ẹsẹ̀ mẹ́rin, tó ní àkàbà lẹ́gbẹ̀ẹ́, tó sì ní ọ̀pá kan níwájú tí èèyàn lè gbé ìbọn lé. Ó na ẹsẹ̀, ó ń jẹ obì. Àwẹ̀ró ìyàwó rẹ̀ wà nísàlẹ̀ lórí gbòǹgbò igi, ó ń bó ẹ̀gúsí sínú igbá.

"Ọdẹ́jìnmí," Ògúndìran pè é. Òun ni olúọdẹ, olórí gbogbo wọn. "Kí lo jókòó lé yìí?"

"Ẹ̀gùn ni, Bàbá. Ẹ̀gùn irin."

"Níbo lo ti rí i?"

"Ẹ jókòó, ẹ óò gbọ́."

Ọdẹ́rìndé rẹ́rìn-ín. Òun ni ibẹ̀ máa kàn bí wọ́n bá gbà á lọ́wọ́ Ọdẹ́jìnmí, ó sì ti ń wo àbàtà náà tipẹ́, bí ajá ṣe ń wo ẹni tó ń jẹ ẹran. "Bàbá," ó ní, "ṣé ẹ rántí pé irin lẹ jókòó lé? Ẹni tó bá fẹ́ búra láàárín wa, ẹnu ló fi ń kan irin. Ẹ̀yin wá fi gbogbo ìdí kàn án. Ẹ ò lè purọ́ lónìí o."

"Mo mọ̀. Ìdí tí mo fi kọ́kọ́ gùn ún kí n tó la ẹnu nìyẹn. Ìwọ sáà fi ìdí tìrẹ sórí koríko, kí o sinmi."

Wọ́n jókòó. Ọdẹ́jìnmí sì bẹ̀rẹ̀.

Ó ní lọ́jọ́ tí wọ́n gbé òun délé, Àwẹ̀ró fi omi gbígbóná jó orúnkún òun, ó ní, "Baba Àlàbá, igi ò ní gbé yín mọ́. Ẹ lọ wá irin." Òun lọ bá alágbẹ̀dẹ. Alágbẹ̀dẹ ní ọkọ́ àti àdá lòun mọ̀ rọ, ẹni tó bá fẹ́ ẹ̀gùn irin, Ìlú Ẹwìrì ni kó lọ, lẹ́yìn Igbó Àìsọ̀kalẹ̀. Ó ní ọ̀pọ̀ ọdẹ ti lọ, òun kò rí èyí tó padà. Bẹ́ẹ̀ ni Àwẹ̀ró di àkàrà mẹ́wàá fún ọkọ rẹ̀, Ọdẹ́jìnmí sì ń tiro lọ.

"Ẹ̀rù ò bà mí rárá," Ọdẹ́jìnmí ní. Ó gbé ìdí sókè díẹ̀, bí ẹni tó jókòó lé ìjàlọ. "Ó dáa. Ẹ̀rù bà mí. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo padà sílé kí n tó lọ."

"Ẹ̀ẹ̀mẹta ni," Àwẹ̀ró ní, kò gbójú kúrò nínú igbá rẹ̀.

"Ẹ̀ẹ̀mẹta," Ọdẹ́jìnmí ní, ó sì rọra jókòó padà. Àwọn ọdẹ wo ara wọn. Wọ́n rí i pé irin náà ń ṣiṣẹ́. Ẹni tó jókòó lẹ́yìn sún mọ́ iwájú.

Ó ní ẹnu ọ̀nà igbó náà lòun ti pàdé ẹ̀dá ẹlẹ́nu-mẹ́ta kan. Ẹnu kan ń jẹun, ẹnu kan ń súfèé, ìkẹta ń bi àlejò ní ìbéèrè. Ẹni tí kò bá lè dáhùn, ẹnu kìíní ni yóò jẹ ẹ́. Egungun ọdẹ wà káàkiri ibẹ̀ bí igi ìdáná.

"Kí ni gbogbo ọdẹ máa ń gbé lọ sóko ọdẹ," ẹnu kẹta bi í, "tí ẹnikẹ́ni nínú wọn kì í gbé bọ̀ wálé?"

Ọdẹ́jìnmí ronú. Ó ronú kan ọta ìbọn, àmọ́ òun fúnra rẹ̀ ti gbé ọta bọ̀ wálé lọ́pọ̀ ìgbà, torí kò rí ẹran tó máa yìn ín sí. Ó ronú kan sùúrù. Bó ṣe ń ronú, ebi ń pa á, ó sì na ọwọ́ sínú àpò, kò bá nǹkan kan níbẹ̀ àfi ewé tó ní òróró. Àkàrà mẹ́wẹ̀ẹ̀wá ti tán kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa.

"Oúnjẹ tí ìyàwó rẹ̀ dì fún un ni," ó ní.

Ẹnu tó ń súfèé dákẹ́. Ẹnu tó ń jẹun dúró. "Àwọn tó kọjá níbí sọ pé ìgboyà ni," ẹnu kẹta ní. "Wọ́n sọ pé ẹ̀mí ni. Ọ̀kan tilẹ̀ kọrin fún mi. Ìwọ lẹni àkọ́kọ́ tó ronú kan ikùn. Kọjá."

"Ṣé ẹ rí i," Ọdẹ́jìnmí sọ fún àwọn tó wà nísàlẹ̀, "ọgbọ́n ni mo fi là á." Ó gbé ìdí sókè. "Ebi ni mo fi là á."

Ẹ̀rín sọ. Olúọdẹ fúnra rẹ̀ fi ìrùkẹ̀rẹ̀ bo ẹnu.

Igbó Àìsọ̀kalẹ̀ kò ní ẹyẹ kankan. Ohùn èèyàn ló kún ibẹ̀, òkè ni gbogbo rẹ̀ sì ti ń wá. Ọdẹ́jìnmí gbójú sókè. Ó rí ẹ̀gùn irin lọ́tùn-ún lósì, ọdẹ kan sì jókòó lórí ẹyọ kọ̀ọ̀kan, irùngbọ̀n wọn gùn wá sílẹ̀, ẹyẹ ẹ̀ga ìbá ti kọ́ ilé sí i bí ẹyẹ bá wà níbẹ̀. Gbogbo wọn ń sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹni yìí pa ẹfọ̀n pẹ̀lú ọwọ́ lásán. Ẹni yẹn sá eré bá ìgalà, ó kọjá rẹ̀, ó dúró dè é níwájú. Ẹni tó sún mọ́ ọ̀nà jù ń pariwo pé òun pa erin méje láàárọ̀ ọjọ́ kan.

"Ẹ kú ìjókòó o," Ọdẹ́jìnmí kí i. "Kí ló dé tí ẹ ò sọ̀kalẹ̀?"

"Ẹ̀gùn yìí ò jẹ́ kí n sọ̀kalẹ̀," ọkùnrin náà ní. "Mo parọ́ kan lórí rẹ̀. Ó di ìdí mi mú láti ọjọ́ náà. Bí mo bá sọ òtítọ́, yóò tú mi sílẹ̀."

"Ẹ wá sọ ọ́ kí ẹ máa lọ sílé."

"Kò ṣeé ṣe, ọ̀rẹ́ mi. Mo ti sọ ti erin méje yẹn fún àwọn àna mi."

Ọdẹ́jìnmí gbà pé ọ̀rọ̀ náà le lóòótọ́. Ó kí i pẹ̀lẹ́, ó sì ń bá tirẹ̀ lọ. Ó ní bóun ṣe ń rìn lọ, inú òun kò dùn tó tàtẹ̀yìnwá, torí òun náà ní ọ̀rọ̀ kan nínú, àna òun sì pọ̀.

Kí n má fa ọ̀rọ̀ gùn, ó dé Ìlú Ẹwìrì. Ẹwìrì ni awọ tí alágbẹ̀dẹ fi ń fẹ́ iná, ti ìlú yẹn sì tóbi débi pé gbogbo ìlú ló ń mí pẹ̀lú rẹ̀. Bí wọ́n bá fà á, òrùlé ilé gbogbo á gbéra sókè. Bí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́, òrùlé á sọ̀kalẹ̀, ilẹ̀kùn á padé, àwọn adìyẹ á sì jókòó. Àwọn ẹ̀gùn irin ń rìn kiri ní ìgboro bí ẹyẹ àkọ̀ létí odò, wọ́n ń fi ẹsẹ̀ gígùn kọjá lórí àwọn ọmọdé. Kò sí ẹni tó ń wò wọ́n.

Ìyá Ẹwìrì ló ń rọ wọ́n. Obìnrin ńlá ni, apá rẹ̀ ọ̀tún gùn ju tòsì lọ nítorí ọmọ owú tó fi ń lu irin.

"Kí lo fẹ́ fi ẹ̀gùn ṣe?" ó bi í.

"Àgbọ̀nrín ni mo fẹ́ pa, Ìyá."

"Má bi mí ní èyí tó dára nígbà náà. Bi àgbọ̀nrín."

Ó na ọwọ́ gígùn yẹn sẹ́yìn ilé. Àgbọ̀nrín kan jókòó níbẹ̀ lórí ẹní, ó ń jẹ ewé iṣin nínú abọ́. Ọdẹ́jìnmí kò mọ ìgbà tó gbé ìbọn.

"Gbé ìyẹn sílẹ̀," àgbọ̀nrín ní. "Ẹnu iṣẹ́ ni mo wà."

Ojú ti Ọdẹ́jìnmí, ó gbé e sílẹ̀. Ó bi àgbọ̀nrín bó ṣe lè máa yan ẹ̀gùn fún àwọn tó fẹ́ pa á.

"Wọn yóò pa wá lọ́nàkọnà," àgbọ̀nrín ní. "Ẹni tó bá jókòó dáadáa, ẹ̀ẹ̀kan ló ń yìnbọn, ó ti parí. Ẹni tó jókòó sórí ohun tó ń mì, itan ló ń yìn. Ìyá mi fi ẹsẹ̀ mẹ́ta rìn fún oṣù márùn-ún kó tó kú. Torí náà ni mo fi ń gba iṣẹ́ yìí. Ẹ mú ti àkọ́kọ́ wá."

Ẹ̀gùn àkọ́kọ́ rìn wọlé bí ìyàwó tuntun. Ó ń dán. Èèyàn lè wò ó bíi dígí gẹ irun. Ó ní tìmùtìmù pupa, ó sì ní agboòrùn lórí. Ọdẹ́jìnmí fẹ́ràn rẹ̀ lójú ẹsẹ̀, ó gùn ún, ó jókòó bí ọba. Ìyá Ẹwìrì ní kí àgbọ̀nrín lọ dúró lọ́nà jíjìn kó wá máa bọ̀. Àgbọ̀nrín kò tilẹ̀ dìde.

"Mo ti rí i láti àná," ó ní.

Ọdẹ́jìnmí sọ̀kalẹ̀.

Ẹ̀gùn kejì ga ju ìrókò lọ. Ọdẹ́jìnmí gùn ún títí, ó sinmi lójú ọ̀nà lẹ́ẹ̀mẹrin. Nígbà tó dé òkè, ó ń rí gbogbo ayé. Ó rí odò méje. Ó rí ilé rẹ̀, ó rí Àwẹ̀ró ní ẹ̀yìnkùlé, ó rí ohun tó wà nínú ìkòkò rẹ̀. Ìyẹn ló bà á jẹ́. Kò wo ẹran kankan mọ́, ìkòkò náà ló ń wò, itọ́ sì ń dà lẹ́nu rẹ̀ sílẹ̀. Atẹ́gùn fẹ́, ẹ̀gùn náà mì, ó sì dún wìnìnì.

Etí àgbọ̀nrín yí padà. "Mo gbọ́ ìgbà tó gbé ọwọ́," ó ní. "Mo gbọ́ ìgbà tó gbé itọ́ mì. Mo mọ ohun tí ìyàwó rẹ̀ ń sè."

"Kí ló ń sè?" ẹnìkan bi Ọdẹ́jìnmí nísàlẹ̀.

"Ẹ̀bẹ iṣu ni. Ẹ bi í."

Àwẹ̀ró ní bẹ́ẹ̀ ni, ẹ̀bẹ ni òun sè lọ́jọ́ yẹn, òun sì fi ẹja sí i.

Ẹ̀gùn kẹta kò rìn wọlé. Ó ti wà nínú ilé látìgbà yẹn, Ọdẹ́jìnmí ti rò pé ibi tí wọ́n ń sá aṣọ sí ni. Dúdú ni bí ìdí ìkòkò, kò dán níbì kankan. Kò ga ju èèyàn mẹ́ta tó dúró lé ara wọn lórí. Àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ fẹ̀ bí ti pẹ́pẹ́yẹ, kó má baà rì nínú ẹrẹ̀. Àwọn ìtẹ̀sẹ̀ àkàbà rẹ̀ sún mọ́ ara wọn, orúnkún tó ń dunni lè gùn ún. Ọdẹ́jìnmí gùn ún, ó jókòó, ó yí sọ́tùn-ún, ó yí sósì, ó gbé ọwọ́ lé ọ̀pá iwájú, ọ̀pá náà sì bá ìgúnpá rẹ̀ dọ́gba. Àgbọ̀nrín ń jẹ iṣin rẹ̀. Ó jẹ ẹ́ tán, ó lá abọ́, ó bi Ìyá Ẹwìrì pé, "Ṣé kò tíì gùn ún ni?"

"Ó ti wà lókè tipẹ́."

Àgbọ̀nrín gbójú sókè. Inú rẹ̀ kò dùn, inú rẹ̀ kò sì bàjẹ́. "Èyí ni," ó ní, ó sì lọ sùn.

"Kí lẹ fẹ́ gbà, Ìyá?" Ọdẹ́jìnmí bi í.

"Mi ò gba nǹkan ọwọ́. Ohun kan tí o ti parọ́ rẹ̀ títí ìwọ náà fi fẹ́rẹ̀ẹ́ gbà á gbọ́, sọ òtítọ́ rẹ̀ fún mi níbi tí o jókòó sí yìí. Bí o bá sọ ọ́, tìrẹ ni. Bí o bá parọ́, ìwọ ni tirẹ̀. Ṣebí o gba Igbó Àìsọ̀kalẹ̀ kọjá?"

Ọdẹ́jìnmí ní òun jókòó pẹ́. Òun ní irọ́ tó dára lóríṣiríṣi, tó ń dún bí òtítọ́ ju òtítọ́ lọ. Àmọ́ òun rántí àwọn onírùngbọ̀n yẹn. Òun sọ ọ́. Ìyá Ẹwìrì rẹ́rìn-ín débi pé ẹwìrì dá dúró, gbogbo òrùlé ìlú sì wà lókè, wọn kò sọ̀kalẹ̀ títí ó fi rẹ́rìn-ín tán.

"Mo wá gun ẹ̀gùn mi bọ̀," Ọdẹ́jìnmí ní, ohùn rẹ̀ sì le sí i. "Ó ń rìn, mo jókòó. Ta ló ti gun irin rí nínú yín? Ṣé ìwọ ni, Ọdẹ́rìndé, ìwọ tí kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ gbé ṣubú? Nígbà tí mo dé ọ̀dọ̀ ẹlẹ́rin-méje, mo ní kó wò mí, èmi náà sọ tèmi, mo ń lọ sílé. Ó wò mí títí. Ó ní, 'Kì í ṣe erin. Kì í ṣe méje. Ewúrẹ́ kan ni, mo rò pé ẹtu ni. Ewúrẹ́ àna mi ni.' Irin tú u sílẹ̀, ó bọ́ lé koríko, ó sì sáré kọjá mi. Ó ti délé kí èmi tó jáde nínú igbó."

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Ọdẹ́rìndé nìkan ni kò rẹ́rìn-ín.

"Bàbá," ó ní, "ìtàn yín dùn. Ẹ ò tíì sọ ohun tí ẹ sọ fún Ìyá Ẹwìrì."

Ọdẹ́jìnmí wolẹ̀. Ó lè sọ̀kalẹ̀. Ilẹ̀ ni ilẹ̀, èèyàn lè sọ ohun tó bá wù ú níbẹ̀. Ó wo àkàbà. Ó wo àbàtà, bí omi rẹ̀ ṣe pọ́n, bí ipa pátákò ẹran ṣe kún etí rẹ̀. Bó bá sọ ọ́, ibẹ̀ ti lọ nìyẹn. Ó wo Àwẹ̀ró. Àwẹ̀ró ti dá ọwọ́ dúró nínú ẹ̀gúsí.

"Àgbọ̀nrín ńlá tí ẹ torí rẹ̀ fún mi ní àbàtà yìí," ó ní, "èmi kọ́ ni mo pa á."

Ọdẹ́rìndé fò dìde, Ọdẹ́jìnmí sì ń bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ.

"Mo gun ẹ̀gùn láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, mo sùn lọ. Ajá lé ẹran náà wọ abà wa, níbi tí Àwẹ̀ró ti ń gúnyán. Ìwo rẹ̀ há mọ́ ara ògiri. Àwẹ̀ró fi ọmọ odó lù ú lórí lẹ́ẹ̀kan, ó kú. Nígbà tí mo fi dé, ó ti ń fọ ọmọ odó. Mo yìnbọn lu òkú ẹran kí ihò lè wà lára rẹ̀."

Olúọdẹ mí kanlẹ̀. "Èmi ni mo gba ọrùn ẹran yẹn, ìpín olúọdẹ. Mo rí i pé orí rẹ̀ fọ́. Mo ní bóyá ó ṣubú." Ó mi orí. "Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Tìrẹ lo ọgbọ̀n. Ó lẹ́sẹ̀ nílẹ̀."

"Ọ̀rọ̀ ti tán," Ọdẹ́rìndé ní. "Kò ni ibẹ̀ rí. Èmi ló kàn."

"Dúró ná," olúọdẹ ní. "Òfin ní ẹni tó pa á ló ni ibẹ̀. Òfin ò sọ pé ìbọn ni kó fi pa á. Òfin ò sọ pé kó wọ ṣòkòtò."

"Bàbá, ìyàwó rẹ̀ kò gun ẹ̀gùn níbẹ̀ rí láti ọgbọ̀n ọdún."

"Ta ló sọ fún un pé tirẹ̀ ni? Òní la óò ti bẹ̀rẹ̀ sí í ka oṣù rẹ̀." Olúọdẹ yíjú sí Àwẹ̀ró. "Ìyá Àlàbá, ṣé wàá gùn ún?"

Ọdẹ́jìnmí ti sọ̀kalẹ̀ kó tó dáhùn. Àwẹ̀ró gbé igbá sílẹ̀, ó tún ìró so, ó gùn ún. Irin náà kò dún. Ó jókòó, ó gbé ọwọ́ lé ọ̀pá, ó ń wo iwájú.

"Ní báyìí tí o wà lórí irin," olúọdẹ ní, "kí ló dé tí o fi pa ẹnu mọ́ láti ọjọ́ yìí?"

"Inú bí mi ní ọdún kìíní," Àwẹ̀ró ní. "Lẹ́yìn náà, ẹran yẹn bẹ̀rẹ̀ sí í tóbi lẹ́nu rẹ̀. Lọ́dún kẹwàá ó ti ga tó ẹṣin, iná ń yọ ní imú rẹ̀. Bó bá ti bẹ̀rẹ̀ ìtàn náà, mo máa ń gbàgbé pé èmi ni mo pa á. Mo máa ń jókòó, kí n lè mọ̀ bóyá yóò kú."

Gbogbo wọn ń wo ìdí rẹ̀, bóyá yóò gbé e sókè. Kò gbé e.

"Ṣé kò gbóná?" Ọdẹ́jìnmí bi í.

"Ó tutù. Ó dára fún ẹ̀yìn mi."

"Ìwọ àti ọkọ rẹ ló máa jọ ni ín, àbí?" olúọdẹ bi í.

"Tèmi ni," Àwẹ̀ró ní. "Ó lè máa gùn ún lọ́jọ́ tí mo bá lọ sọ́jà. Ẹ bá mi na ìbọn yẹn sókè."

Ọdẹ́jìnmí nà án sí i. Àwẹ̀ró gbé e lé ọ̀pá, ó fi ojú wọ̀n ọ́n, ó sún un díẹ̀ sósì. Oòrùn ti ń rẹlẹ̀ lẹ́yìn àbàtà. Àwọn ọdẹ ṣì dúró, wọ́n ń sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ọ̀kan ń bẹ Ọdẹ́jìnmí kó tún ti ewúrẹ́ àna sọ.

"Ẹ máa lọ sílé," Àwẹ̀ró sọ látòkè. "Ẹ ń pariwo. Ẹran ò ní wá."

Wọ́n dìde, olúọdẹ ló ṣáájú, wọ́n ń yọ́ ẹsẹ̀ lọ bí ẹni tó jí adìyẹ. Ọdẹ́jìnmí náà gbé igbá ẹ̀gúsí, ó fẹ́ tẹ̀ lé wọn.

"Baba Àlàbá," Àwẹ̀ró pè é wẹ́rẹ́, "ẹ̀yin ẹ dúró ní tiyín. Bí mo bá pa á, ta ni yóò sọ fún wọn bó ṣe tóbi tó?"